Bí Pẹlẹbẹ Orí Kọ̀ǹpútà Ṣe Kọ́ Láti Dijú

Nígbà láéláé, nígbà tí irin àti ike ṣì ní ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, kò sí ohun tó ń sinmi lára kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àwọn Bọ́tìnì tí ènìyàn ń tẹ̀ láti kọ̀wé ń ṣiṣẹ́. Pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ wọn náà ń ṣiṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe é, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn Bọ́tìnì pọ̀. Gbọọrọ ni olórí wọn. Òun ló gùn jù, òun ló sì ń fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì.

Pẹlẹbẹ ní tirẹ̀ dá wà. Kò ní lẹ́tà kankan lára. Ara rẹ̀ ń dán bí omi tó dákẹ́. Bí ìka bá ti ń rìn lórí rẹ̀ ni ọfà kékeré kan á máa rìn lójú kọ̀ǹpútà, á sì lọ síbi tí ìka bá ní kó lọ.

Kọ̀ǹpútà tí mo ń sọ yìí wà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Ìlú kan létí ọ̀sà ló ń gbé, ẹní ló sì ń hun. Ọkọ rẹ̀, Adélakùn, jẹ́ atukọ̀ òkun. Òun ló ra kọ̀ǹpútà náà fún un, òun ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi í kọ lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹ̀rín túká lọ́jọ́ tí Adélakùn ń lọ. Òrùlé ilé wọn ń jò. Ó ti ṣèlérí pé òun á dúró tún un ṣe, kí ọkọ̀ tó ránṣẹ́ pè é lójijì.

"Ọdún kẹta rèé tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ òrùlé yìí," Ìbíyẹmí wí. "Ọkọ̀ ni ẹ fẹ́, ẹ ò fẹ́ ilé. Tí ẹ bá lọ lónìí, ẹ má wulẹ̀ padà wá mọ́."

Adélakùn gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ.

Ọdún méjì kọjá. Wọ́n ń kọ̀wé síra wọn. Adélakùn á béèrè bóyá òjò rọ̀, Ìbíyẹmí á dáhùn pé ó rọ̀. Òun náà á béèrè bóyá ó jẹun yó, Adélakùn á ní òun jẹun. Kò sẹ́ni tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí Ìbíyẹmí kì í wo ojú omi, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ òbèlè àwọn apẹja bá ń wọlé, tí ìyàwó kálukú ń lọ pàdé ọkọ rẹ̀ létí bèbè.

Bí ó ṣe ń ṣàárò níta ni ẹnìkan ń ṣàárò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Pẹlẹbẹ ni.

Ìka Ìbíyẹmí gbóná, ó sì ní òórùn eèsún tí ó fi ń hun ẹní. Pẹlẹbẹ fẹ́ràn àwọn ìka náà. Ṣùgbọ́n orí àwọn Bọ́tìnì ni wọ́n máa ń pẹ́ sí. Bí wọ́n bá fara kan Pẹlẹbẹ, kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ tí wọ́n á ti tún kúrò.

"Gbọọrọ," Pẹlẹbẹ á pè, "kí ni ẹ̀ ń bá wọn sọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ni," Gbọọrọ á dáhùn. "Ìwọ ò mọ̀ ọ́n, o ò ní lẹ́tà."

Èyí dun Pẹlẹbẹ gan-an. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ ìwà kan. Bí Ìbíyẹmí bá ń kọ̀wé lọ́wọ́, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì fara kan Pẹlẹbẹ, Pẹlẹbẹ á jẹ́ kí ọfà fò lọ síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Ìbíyẹmí á ní láti fi ìka padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó lè tún un ṣe. Inú Pẹlẹbẹ á dùn. Inú àwọn Bọ́tìnì á bàjẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Adélakùn. Kò béèrè òjò. Ohun tó kọ rèé:

"Ìbíyẹmí, ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ sí èbúté kan lánàá. Wọ́n ní kí n tún tọwọ́ bọ̀wé láti bá wọn lọ sí ìrìn àjò mìíràn, ó sì jìn. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n o ní kí n má padà wá mọ́, n kò sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Tí o bá ní kí n máa bọ̀, níhìn-ín ni màá ti sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ máa ṣí nígbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́dọ̀ yín. Tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, á yé mi."

Ìbíyẹmí kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sún ẹní tó ń hun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó kọ ìlà méjì, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ ìlà mìíràn, ó tún pa á rẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ó kọ nípa òrùlé tó ṣì ń jò. Ó kọ nípa ẹní tó ń tẹ́ sílẹ̀ fún ẹni méjì láìmọ̀, tí á wá ká a padà. Ó kọ ọ́ pé láti ọjọ́ tí òun ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni òun ti ń kábàámọ̀ rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kó parí rẹ̀ nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fara kan Pẹlẹbẹ. Pẹlẹbẹ ti ń retí láti àárọ̀. Ó jẹ́ kí ọfà fò. Ọ̀rọ̀ kan ré bọ́ sórí òmíràn, gbogbo lẹ́tà náà sì parẹ́ pátápátá.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" Gbọọrọ pariwo. "Láti òní lọ, àwa Bọ́tìnì ò dáhùn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí Pẹlẹbẹ bá ṣì wà nílé yìí."

"Èmi náà ò dáhùn mọ́," Pẹlẹbẹ wí. "Ẹ ti fi àwọn ìka yẹn jayé tó."

Ìbíyẹmí tẹ bọ́tìnì kan, kò dáhùn. Ó tẹ òmíràn. Ó fi ìka ra Pẹlẹbẹ síwá sẹ́yìn, ọfà dúró gbagidi. Ojú kọ̀ǹpútà ń tàn, lẹ́tà ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń wò ó, kò sì rí ohunkóhun ṣe sí i.

Ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, ó ń rò pé bóyá òógùn ọwọ́ ni. Kò dáhùn. Ó fi wáyà iná bọ̀ ọ́, bóyá agbára rẹ̀ ló tán. Kò dáhùn. Ó dojú rẹ̀ dé, ó rọra gbọ̀n ọ́n, èérún eèsún sì ń já bọ́ láti abẹ́ àwọn Bọ́tìnì. Síbẹ̀, kò dáhùn.

Oòrùn ti kọjá àtàrí. Ìbíyẹmí fi aṣọ wé kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí òdìkejì ìlú, lọ́dọ̀ Bàbá Jìnádù tó ń tún rédíò ṣe.

"Bàbá, ẹ gbà mí," ó wí, ó sì kúnlẹ̀. "Kò gbọ́ ohun tí mò ń bá a sọ mọ́, ọkọ mi sì ń dúró dè mí."

"Dìde, ìyàwó. Ṣé omi dà sí i lára?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó ṣubú?"

"Kò ṣubú, sà."

Bàbá Jìnádù fi etí lé kọ̀ǹpútà náà. Ó pẹ́ tó ti ń tún nǹkan ṣe, ó gbọ́ èdè wọn. Ó gbọ́ tí Gbọọrọ ń ka ẹ̀ṣẹ̀ Pẹlẹbẹ. Ó gbọ́ tí Pẹlẹbẹ náà ń ka ti Gbọọrọ. Àwọn Bọ́tìnì tó kù ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ti ẹnìkejì.

"Kò bàjẹ́," Bàbá Jìnádù wí. "Ìjà ni wọ́n ń jà. Ariwo tiwọn fúnra wọn ti di wọ́n létí. Mo máa pa á, kí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, kí wọ́n lè dákẹ́."

"Ẹ má pa á o! Ṣé á tún jí?"

"Á jí. Ìwọ ṣá mú sùúrù."

Ó yọ wáyà iná kúrò. Ó fi ìka tẹ bọ́tìnì kékeré tí wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà, kò gbé ìka kúrò níbẹ̀, ó ń ka oókan, eéjì, títí ó fi kà á dé ẹẹ́wàá. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ó pa á dé, ó sì gbé e síbòòji.

"Ẹ jọ̀ọ́, á pẹ́ tó?" Ìbíyẹmí béèrè. Ó ń wo oòrùn.

"Tí mo bá tàn án kíákíá, ìjà náà ni a óò tún bá níbẹ̀."

Ìbíyẹmí jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí kò mọ ohun tó tún lè ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Bàbá Jìnádù. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó sọ sí ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni òun ń wò tó ń lọ, pé òun fẹ́ pè é padà, ẹnu òun kò gbà á.

"Ọdún méjì ni mo ti ń wá bí màá ṣe sọ ọ́," ó wí. "Mo sọ ọ́ tán láàárọ̀ yìí, ló bá parẹ́."

Nínú òkùnkùn, Pẹlẹbẹ gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó gbọ́ ohùn Ìbíyẹmí láìsí ariwo.

"Gbọọrọ," ó rọra pè. "Ṣé ohun tó ń bá yín sọ nìyẹn?"

"Òun ni," Gbọọrọ dáhùn.

"Mo rò pé ẹ̀yin ni àwọn ìka yẹn ń wá wò."

"Àwa náà rò bẹ́ẹ̀," Gbọọrọ wí. "Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń lọ. Wọ́n kàn ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ni."

"Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí yín, màá máa dijú," Pẹlẹbẹ wí. "Bí àtẹ́lẹwọ́ tilẹ̀ fara kàn mí, mi ò ní mira."

"Nígbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, ìwọ ni kó o mú wọn lọ síbi tí wọ́n á ti fi í ránṣẹ́," Gbọọrọ wí. "A ò ní pè ọ́ ní aláìní-lẹ́tà mọ́."

Bàbá Jìnádù ṣí kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ìbíyẹmí tẹ bọ́tìnì kan, lẹ́tà kan yọ. Ó kígbe. Ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lórí Pẹlẹbẹ, Pẹlẹbẹ kò sì mira. Ó kọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn: "Ọkọ mi, ẹ máa bọ̀ wálé." Pẹlẹbẹ wá lajú, ó mú ọfà lọ, lẹ́tà náà sì lọ.

Nígbà tí Ìbíyẹmí gbójú sókè, oòrùn ti wọ inú ọ̀sà.

Ó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí èsì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí. Ogójì ọjọ́ ló fi ń ṣí kọ̀ǹpútà yẹn láràárọ̀ kó tó mú eèsún. Lẹ́yìn náà ni èsì dé.

"Ọkọ̀ ti ṣí kí ọ̀rọ̀ rẹ tó bá mi," Adélakùn kọ ọ́. "Mo dúró lẹ́yìn ọkọ̀, mò ń wo ilẹ̀ tó ń kéré sí i, ni mo bá kà á. Tí mo bá lè lúwẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ ni, ǹ bá ti bẹ́ sómi. Kò sí ọ̀nà láti fi èsì ránṣẹ́ láti àárín òkun, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gúnlẹ̀. Mo ti tọwọ́ bọ̀wé, Ìbíyẹmí. Oṣù mẹ́rìndínlógún ni. Ṣùgbọ́n ilé ni mò ń bọ̀."

Ó dé lóòótọ́, ó sì kan òrùlé náà. Ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ ti funfun, ti Ìbíyẹmí náà ti ń funfun, kò sì sẹ́ni tó lè dá oṣù mẹ́rìndínlógún yẹn padà fún wọn.

Láti ọjọ́ tí Bàbá Jìnádù pa kọ̀ǹpútà náà ni ó ti jẹ́ pé bí bọ́tìnì àti pẹlẹbẹ kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí wọn kò dáhùn, a ó pa á kí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, a ó sì jẹ́ kó sinmi ká tó tún un tàn. Láti ọjọ́ náà sì ni Pẹlẹbẹ ti ń dijú nígbà tí ìka bá ń kọ̀wé. Bí o bá gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, tí o fi kàn án, wàá rí i pé ó máa ń dúró díẹ̀ kí ọfà tó gbéra. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń dúró kó lè dá a lójú pé o ti sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ tán.