Ògiri Odò Agbélódò

Odò tó wà lẹ́bàá abúlé Agbélódò kì í gbọ́ràn lásìkò òjò. Nítorí náà, lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará abúlé máa ń po amọ̀, wọn a fẹsẹ̀ gún un dáadáa, wọn a sì fi mọ ògiri gígùn dí odò lọ́nà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ògiri ẹni méjì bá ti pàdé, àwọn méjèèjì ní láti jọ tẹ amọ̀ ibẹ̀ pọ̀, kó lè dì mọ́ra.

Ògúnrìndé àti Àkàngbé jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀yìn ògiri tiwọn gan-an ni ilé Abẹ́ní, ìyá wọn, wà. Lọ́dún kan, igi obì tí bàbá wọn fi sílẹ̀ dá ìjà sáàárín wọn, wọn ò sì kí ara wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mọ tirẹ̀, ó dán. Àbúrò mọ tirẹ̀, ó dán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kàn án. Agídí burúkú! Nígbà tí oòrùn pa amọ̀ náà, ààrin rẹ̀ là, ó lanu kalẹ̀.

Abẹ́ní rí i. Ó pe Ògúnrìndé.

“Ọmọ mi, bá mi dí ibẹ̀ yẹn.”

“Ìyá mi, tèmi ò dé ibẹ̀. Ẹ pe ọmọ yín kékeré.”

Ó lọ bá Àkàngbé. Ìyẹn ní, “Háà! Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bọ́ sínú amọ̀ ná, màá bá a níbẹ̀.”

“Ilé tí bàbá yín gbé mi wọ̀ ni o!” ni ìyá wí. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀.

Àfi aláǹgbá. Abo kan kó sínú ibi tó là náà, ó gbẹ́ ihò, ó yé ẹyin síbẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, títí ihò náà fi la ògiri já. Nígbà tí òjò dé tí odò kún, ojú ihò yìí ni omi gbà wọlé. Kí àwọn aládùúgbò tó gbé Abẹ́ní jáde tán, ilé ọkọ rẹ̀ ti di ẹrẹ̀.

Bí omi ṣe fà, àwọn ọmọ méjèèjì gbé kùmọ̀, wọ́n ń lé aláǹgbá kiri.

“Àwọn ló wó ilé ìyá wa!” ni Àkàngbé ń pariwo.

Abẹ́ní jókòó sórí ọlọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o jàre. Wọ́n rìn yí gbogbo ògiri abúlé yìí ká, wọn ò ríbi wọ̀. Àárín ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì ni wọ́n ti ráyè.”

Kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ògúnrìndé. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni àwọn àgbà gbà dòwe, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò títí dòní pé: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.