Òróró Láàárín Páànù Méjì

Láṣebìkan ará Ìkirun kì í fi iná jó irin pọ̀. Yóò gbé páànù bàbà lé páànù alumíníọ̀mù, yóò tì wọ́n sáàárín ọ̀pá irin gìdìgbà méjì tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ọ̀pá náà yóò sì fún wọn pọ̀ títí wọn yóò fi di ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú tó máa kanra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn án mọ́.

Lọ́jọ́ tí Alájì Sùbérù oníkòkò fẹ́ wá wò ó bóyá òun yóò máa rajà lọ́wọ́ wọn, ọkàn Láṣebìkan kò balẹ̀. Wọ́n ti ha páànù tán kó tó mú òróró àdúrà, tó fi ya àgbélébùú sójú bàbà.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Tọ́miwá, ìka tó gbẹ pàápàá, a kì í jẹ́ kó kàn án."

"Òróró àdúrà ni. Kí wọ́n má tú láéláé ni."

Obìnrin náà ní, "Àmín."

Wọ́n fi ọ̀pá fún páànù méjèèjì pọ̀. Alájì dé, ó tẹ páànù náà wò. Gbogbo ara rẹ̀ ló lẹ̀ pinpin, àfi ibì kan tí bàbà ti wú sókè. Wíwú náà rí bí àgbélébùú.

Alájì ní, "Ẹ tiẹ̀ bá mi sàmì síbi tó ti máa ṣí. Ẹ jẹ́ kí n lọ kírun. Bí òmíràn bá lẹ̀ kí n tó dé, mo máa rà á."

Ìyàwó Láṣebìkan ti ń ha páànù mìíràn.

"Àṣejù ni baba àṣetẹ́, Bàbá Tọ́miwá. Ẹ gbé ìgò òróró yẹn kalẹ̀. Bí eléyìí bá ti lẹ̀ tán, ẹ fi gbogbo rẹ̀ wẹ̀ ẹ́."