Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Pariwo Kó Tó Kọ́lé

Nígbà láéláé, Ẹ̀gà kì í pariwo rárá. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ó dáa, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà yẹn, àwọn ẹranko ló ni kọ̀ǹpútà. Ọmọ aráyé ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìlú mẹ́ta ló ní kọ̀ǹpútà: Orí-Igi, Etídò àti Abẹ́-Àpáta. Kọ̀ǹpútà ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ orin tàbí eré tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i sí èdè tí kọ̀ǹpútà náà ń gbọ́. Ẹ̀gà ni akọ́lé. Òun ló ń kó ọ̀rọ̀ jọ, òun ló ń pe ògbufọ̀, òun náà ló ń hun gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odidi iṣẹ́.

Ọ̀gá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ tóbi ju ìtẹ́ rẹ̀ lọ! Kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlú yòówù tó bá dé, ògbufọ̀ kan náà ló ń pè, ìyẹn Ayékòótọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Orí-Igi.

Lọ́jọ́ kan, Àdàbà arúgbó ránṣẹ́ pè é. Àdàbà yìí ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìjì gbé ìyá rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gà ọmọ mi," ni Àdàbà wí, "àwọn ọmọ mi mẹ́ta ti fọ́n ká. Ọ̀kan wà ní Orí-Igi, ọ̀kan wà ní Etídò, àbíkẹ́yìn mi wà ní Abẹ́-Àpáta. Orin tí mo fi máa ń pè wọ́n wálé jẹun ni mo kọ yìí. Bá mi kọ́ ọ sínú kọ̀ǹpútà ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́ rí wọn kí ojú mi tó fọ́ pátápátá."

"Ìyá, ṣé èmi náà lẹ ń sọ fún? Ẹ lọ gbé ọbẹ̀ kaná!"

Ní Orí-Igi, Ayékòótọ́ yí orin, Ẹ̀gà hun ún, kọ̀ǹpútà sì bú sórin. Wọ́n fò dé Etídò. Ayékòótọ́ tún lanu. Ṣe ni kẹ́kẹ́ pa mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́nu.

"Pariwo sí i!" ni Ẹ̀gà wí. Ayékòótọ́ pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Pàbó ló já sí.

Alákàn jókòó sẹ́nu ihò rẹ̀, ó ń wò wọ́n. "Ọ̀gá akọ́lé, o ò béèrè ògbufọ̀ onílé, ẹni tó gbọ́ èdè ìlú yìí?"

"Kí ni mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn?" Ẹ̀gà pòṣé. Ó ní bó pẹ́ bó yá, kọ̀ǹpútà á gbọ́. Bákan náà ló ṣe ní Abẹ́-Àpáta, ó sì fò padà sílé.

Nígbà tó délé, Àdàbà ti bu oúnjẹ sí àwo mẹ́ta. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń jẹun. Àwo méjì ti tutù, Àdàbà sì ń fi ìyẹ́ lé eṣinṣin kúrò lórí wọn.

"Ta ló ń bọ̀ yẹn?" ni Àdàbà béèrè. "Ṣé àbíkẹ́yìn mi ni?"

"Èmi ni, Ìyá."

Ojú ti Ẹ̀gà. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò sì lè jókòó. Ó fò padà sí Etídò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alákàn, àgógó rẹ̀ wọnú iyanrìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Alákàn, ta ni ògbufọ̀ onílé?"

"Ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn ni," Alákàn dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Abèèrè kì í ṣìnà, Ẹ̀gà." Alákàn yí orin náà, kọ̀ǹpútà Etídò sì gbé e.

Ní Abẹ́-Àpáta, kí ẹsẹ̀ Ẹ̀gà tó kanlẹ̀ ló ti ń ké: "Ilẹ̀ ta nìyí? Ta ni ògbufọ̀ onílé? Ta ni mo máa pè?" Alángbá yọjú, ó ń mi orí: òun ni. Ó yí orin náà, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ náà sì gbé e.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ́. Àdàbà da ìyẹ́ bo àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀gà ti ń béèrè kó tó kọ́ ohunkóhun. Bí ẹni tó níṣẹ́ bá dárúkọ ògbufọ̀ tó wù ú, ẹni yẹn ni Ẹ̀gà ń pè. Bí kò bá dárúkọ ẹnì kankan, ògbufọ̀ onílé ni. Ìdí nìyẹn tí igi tí ẹ̀gà ń kọ́lé sí kì í fi í dákẹ́. Ìdí nìyẹn náà tí kọ̀ǹpútà fi máa ń dúró, táá máa kùn, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má gbá a lórí o. Ó ń béèrè ògbufọ̀ onílé ni, kí oúnjẹ ọmọ ẹnì kan má baà tutù.