Àwẹ̀ró Tí Kò Jẹ́ Ìpè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó fẹsẹ̀ kọ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní ìgbà kan rí, obìnrin kan bí Àwẹ̀ró, kò sì bí òmíràn. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ní, "Àwẹ̀ró, bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ nínú igbó, má dáhùn. A kì í mọ ẹni tó ń peni nínú igbó."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń sọ fún wa, Màmá."

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Nídìí ààrò, wọn a máa ṣeré. Ìyá á ní, "Ta ló jẹ àkàrà mi?" Ọmọ, tí epo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, á ní, "Èmi kọ́, eku ni."

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró lọ ṣẹ́gi, kò padà. Ìyá rẹ̀ figbe ta. Ènìyàn dé, ẹranko dé. Wọ́n fi Ajá ṣe olórí àwọn tí yóò wá a, torí imú rẹ̀.

Ajá mọ ètò í ṣe. "Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀nà oko ni tiyín. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gba ọ̀nà àbàtà. Àwòdì, máa wò láti òkè. Kí gbogbo wa máa pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan."

Àwòdì ní, "Olórí, bí o bá gbọ́ òórùn egungun ńkọ́?"

"Ìwọ ṣáà gbójú kúrò lára òròmọdìẹ," ni Ajá dá a lóhùn.

Ìyá Àwẹ̀ró so ìró rẹ̀ le, ó fẹ́ bá wọn lọ. Ajá ní, "Ẹ jókòó sílé, ìyá. Ẹni tó ń sunkún kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀."

Ó jókòó.

Wọ́n pe "Àwẹ̀ró" ní ọjọ́ kìíní. Wọ́n pè é ní ọjọ́ kejì. Wọ́n pè é títí di ọjọ́ kẹfà, ohùn wọn há. Igbó dákẹ́.

"Ṣé kò gbọ́ wọn ni, Màmá?"

Ó gbọ́ wọn.

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú ọjọ́ keje. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ìgbà náà ni Òkété, tí wọ́n ti ń purọ́ àkàrà mọ́ láti ọjọ́ yìí, yọrí nínú ihò lẹ́yìn ààrò.

"Ìyá Àwẹ̀ró, mo rí ọmọ yín. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀, á fọwọ́ bo ẹnu, á tún sá wọgbó sí i. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí òun má dáhùn. Àná, kí òjò tó rọ̀, ó la odò kọjá."

Ìyá náà káwọ́ lérí. Kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tí ọmọ rẹ̀ máa ń dáhùn. Òun náà kò rántí sọ.

Ó sáré dé etí odò. Odò ti kún dé ẹ̀ka igi. Kò pe orúkọ.

"Ta ló jẹ àkàrà mi?"

Láti òdìkejì, ohùn tín-ín-rín kan dáhùn. Ebi ọjọ́ méje wà nínú ohùn náà.

"Èmi kọ́, eku ni."

"Ta ló jẹ àkàrà mi?"

"Èmi kọ́…"

Ó tún bèèrè. Odò nìkan ló dáhùn.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí odò tó fà. Ìborùn Àwẹ̀ró nìkan ni Ajá rí gbé wálé lẹ́nu. Kò lè wojú ìyá ọmọ náà.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó bá sọ fún ọmọ ohun tí kò gbọdọ̀ dáhùn, kó sọ ohun tí yóò dáhùn pẹ̀lú.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí, kò lè dìde mọ́. Bí mo bá purọ́, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Bí òótọ́ ni, ẹ dá mi lóhùn: ta ló jẹ àkàrà mi?

"Àwa kọ́, Màmá. Eku ni."

Ẹ tún un wí, kí n gbọ́.