Àáké Méjì fún Gbogbo Òkè

Obìnrin kan wà tí òkè kan ti lé padà rí. Ọmọ Òkè Ògùn ni. Àpáta ló yí ìlú tí wọ́n bí i sí ká, kò sì sí èyí tí kò gùn nínú wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé e dé ìlú òtútù, ó rí òkè kan tí òjò dídì bò láti ìdí títí dé orí, ó ní òun á gùn ún. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé orí. Nítòsí téńté òkè náà, ògiri yìnyín kan wà tó dúró ṣánṣán bí ògiri ilé. Ìdí ògiri yẹn ni apá rẹ̀ ti kọ iṣẹ́. Ó sunkún, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni yóò kó ẹrù rẹ̀ padà sílé pátápátá. Bí kò bá gun òkè náà lọ́dún yẹn, ó di gbére. Ó sì dá a lójú pé ìtìjú náà yóò bá òun wọ bàálù délé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń kàwé nílùú yẹn ní òun á bá a lọ. Bí àwọn méjèèjì ṣe lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ìgunkè nìyẹn.

Àáké méjì ni olúkúlùkù ń gbé lọ sórí òkè bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù ni yóò pa á. Kì í ṣe àáké ìgégi o. Ẹnu ṣóńṣó ló ní, òun ni wọ́n ń gbá mọ́ yìnyín kí wọ́n tó fa ara wọn sókè. Àwọn kan wà tí èèkù wọn gún gbọọrọ. Bí o bá ń gun ìdàgẹ̀rẹ́, wàá kì í bọ inú òjò dídì, wàá sì fara tì í bí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e dé ara ògiri, ìka ọwọ́ rẹ ni yóò máa gbá yìnyín. Àwọn mìíràn sì wà tí èèkù wọn tẹ̀ bí dòjé. Ìyẹn dùn ún lò lára ògiri, àmọ́ kò ṣeé kì bọlẹ̀, kò sì ṣeé fara tì.

Ẹni tó ni ìsọ̀ ti da omi sára pákó gíga kan lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ títí tó fi dì gbagidi. Ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà ti ń dán àáké wò, ibẹ̀ nìkan náà sì ni. O ò wá ní í bi mí pé èwo ni wọ́n ń rà.

Àbúrò rẹ̀ mú onídòjé, ó gun ògiri náà bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ó pariwo látòkè pé, "Àǹtí mi, ẹ ra èyí! Àfi bí ẹni pé ògiri fúnra rẹ̀ ló ń fà mí!"

Obìnrin náà gbìyànjú ẹ̀, ó dùn mọ́ ọn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọdún tó kọjá, ògiri yẹn ni ó ń rí lójú àlá. Ó ti fẹ́ sanwó tán kí ọkàn rẹ̀ tó bi í léèrè pé: ibo gan-an ni agbára rẹ ti tán lọ́jọ́sí?

Ó jókòó sórí àpótí kan, ó tún ìrìn náà rìn nínú ọkàn rẹ̀. Onídòjé ni àáké tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́dún náà. Láti ìdájí títí dé ọ̀sán, lórí ìdàgẹ̀rẹ́ gígùn yẹn, kò rí nǹkan kan fara tì. Ṣe ló ń tẹ̀ ba mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú, apá rẹ̀ ti kú, kó tó fojú kan ògiri rárá. Ìdàgẹ̀rẹ́ ló pa á, ògiri ló ń dá lẹ́bi láti ọdún kan!

Ó dìde. Ó ní kí ẹni tó ni ìsọ̀ jẹ́ kí òun kó àwọn àáké náà lọ sí ìdàgẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú. Ọkùnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní kó máa kó wọn lọ. Bó ṣe ń kó wọn ló rí irú kẹta ní kọ̀rọ̀ ìsọ̀ náà, èyí tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀. Ìdí èèkù rẹ̀ gún, ó ní irin ṣóńṣó, ó wá tẹ̀ díẹ̀ lápá òkè. Nígbà tó kì í lórí ìdàgẹ̀rẹ́, ó wọ inú òjò dídì wọ̀ọ̀. Ó gbé e padà síbi ògiri. Kò dùn tó onídòjé. Ibi tí èkejì ń gbá lẹ́ẹ̀kan, èyí fẹ́ kí a gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó dì í mú, ìka rẹ̀ ò sì kan yìnyín. Ó ra méjì; onídòjé ni àbúrò rẹ̀ rà.

Àbúrò rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ọ̀pá arúgbó lẹ rà yẹn o."

"Arúgbó tó dé orí òkè sàn ju ọ̀dọ́ tó jókòó sídìí rẹ̀ lọ," ni ó dá a lóhùn.

Wọ́n gbéra ní ìdájí, okùn kan so wọ́n pọ̀. Obìnrin náà ń kì í, ó ń fara tì í, ó ń gòkè jẹ́jẹ́. Àbúrò ń rákò lẹ́yìn. Lójijì ni ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà yọ̀. "Àǹtí o!" Ó ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀, àáké onídòjé rẹ̀ ń ha òjò dídì lásán, kò mú nǹkan kan. Obìnrin náà ki àáké rẹ̀ méjèèjì bọlẹ̀ títí dé orí, ó sì da àyà bò wọ́n. Okùn náà le gan-an, ó fà á ní ìbàdí bí ẹni pé yóò gé e sí méjì. Àáké ò mì. Àbúrò rẹ̀ dúró.

Nígbà tó gòkè padà, ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní ọ̀kan nínú ọ̀pá arúgbó náà kó máa fi tilẹ̀. Ìdí ògiri ló ti gbà á padà.

Ó gbójú sókè wo ògiri náà. Ó nawọ́, ó ká a, ó rí i pé agbára ṣì wà níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ó gbá àáké, kò mú. Ó tún un gbá, ó mú. Ọrùn ọwọ́ ń dùn ún, ó ń gòkè. Láàárín ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi apá kan rọ̀ dirodiro. Àáké náà dì í mú. Ló bá bú sẹ́rìn-ín lójú òfuurufú, nítorí ó ti mọ̀ pé òun á dé ibẹ̀.

Ó sì dé ibẹ̀! Ó dúró ní téńté, ayé tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ ki ara rẹ̀: "Àwẹ̀ró rèé o! Ọmọ olókè, òkè kan ò tún gbọdọ̀ lé mi!" Ó jó nínú bàtà onírin. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fi okùn gòkè dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú òjò dídì, ó ní, "Ẹ kú oríire, Àǹtí mi."

"Dìde, kí òtútù má bàa pa ọ́," ni ó wí, omijé ayọ̀ sì ń dì lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìwọ ọkùnrin tó jókòó síwájú mi yìí, o ní ìyàwó rẹ ò mọyì rẹ. O ní ọjọ́ tí ilé bá ń jó ni yóò mọ irú ẹni tó fẹ́. Mo gbà. Bí iná bá sọ, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ lọ gbé e jáde, mi ò jiyàn. Má ju akin rẹ nù, nítorí ọjọ́ ògiri ń bọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ra yín, ẹ̀ẹ̀melòó ni ilé yín ti jó? Gbogbo ọjọ́ yòókù tí ìyàwó rẹ fi ń gòkè bọ̀, kí ló rí fara tì lára rẹ? Ìwà tó mọ ògiri nìkan, kí èèyàn tó dé ìdí ògiri ni yóò ti rẹ̀ ẹ́.

Ó yá, dìde. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé láti ibi iṣẹ́. Lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀, kí o sì kí i kú iṣẹ́.