Ọ̀bọ̀kún Lọ́wọ́, Akàn Lẹ́sẹ̀

Ọmọ àgbẹ̀ láti òkè ni Morádékẹ́, etí ọ̀sà ni wọ́n sì gbé e níyàwó sí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ ní èbúté ni, tí ìyàwó fi kéde nílé pé kí ẹnikẹ́ni má ra ẹja lọ́jọ́ náà. Ó gbé omi ọbẹ̀ kaná, ó ní òun ń bọ̀.

Kò sì parọ́. Kò pẹ́ tí òun àti Ìyá jókòó sórí pákó èbúté tí okùn fi le. Ọ̀bọ̀kún ńlá! Orí ẹja ti yọ lójú omi nígbà tí akàn kékeré kan yọ́ jáde nínú agbọ̀n ìdẹ, tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sétí pákó.

"Akàn mi!" Ìyàwó na ẹsẹ̀, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni okùn ti dẹ̀. Ọ̀bọ̀kún já lọ, akàn náà bọ́ sómi.

Ìyá wo omi, ó wo ìyàwó. "Ìyàwó mi, ṣé wọn kì í sọ ọ́ lókè yín ni, pé a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀?"

"Wọ́n ń sọ ọ́, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìdẹ míì. Omi ọbẹ̀ mi ò tíì gbẹ."

Nígbà tí okùn tún le, akàn mìíràn gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbá ọmọ ìka rẹ̀ mú bí ẹ̀mú. Ìyàwó pariwo, omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára okùn. Ìgbà tí ọ̀bọ̀kún fi balẹ̀ sórí pákó, akàn ṣì so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ìrẹ̀ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá!"