Èèpo Ọta Tí Wọ́n Fún Làníhùn

Ní ìlú Ọ̀dàn-Ẹfọ̀n, ọdẹ pọ̀, ṣùgbọ́n ọta kò pọ̀. Ìbọn òyìnbó ni wọ́n ń lò níbẹ̀, irú èyí tí ọta rẹ̀ ń wà nínú èèpo idẹ. Bí wọ́n bá yìn ín tán, wọn kì í sọ èèpo náà nù. Wọn a ṣà á nílẹ̀, wọn a kó o lọ fún Ògúnmọ́dẹdé alágbẹ̀dẹ. Òun ni í rọ ẹ̀tù tuntun sínú rẹ̀, tí í sì tẹ ìṣáná tuntun sí ihò ìdí rẹ̀. Ìṣáná yìí, ohun kékeré bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, ni ìbọn ń lù kí iná tó ràn mọ́ ẹ̀tù.

Oríṣi èèpo méjì ló wà. Èyí tó ń gba ìṣáná kékeré ni idẹ ìdí rẹ̀ nípọn, òun ló sì ń pẹ́. Èyí tó ń gba ìṣáná ńlá kì í pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ń yìn ín ni ihò rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, títí ìṣáná yóò fi máa yọ̀ bọ́ síbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í.

Òfin àwọn ọdẹ ni pé inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo èèpo ń wà, kí oníkálukú mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọdẹ́níran di Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ, ó ṣa gbogbo èyí tó nípọn fún ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ àgbà ni. Ó fi àwọn tó ti rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ yìí gan-an ni í ṣíwájú wọ inú koríko lọ bá ẹran.

Nígbà tí ẹfọ̀n kan bẹ̀rẹ̀ sí í ba oko jẹ́, tó sì kan ènìyàn pa, wọ́n múra láti lọ pa á. Ògúnmọ́dẹdé mú èèpo kan han Olúọdẹ. Ó fi orí ìka ti ìṣáná sínú rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ìṣáná sì já bọ́.

"Ọdẹ́níran, èyí ti kú. Ó kù kí n yọ́ ọ."

"Ta ló ni ín?"

"Làníhùn."

"Fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ kí ihò náà fún."

"Bí mo bá gbá a, etí ihò nìkan ni yóò di ìṣáná mú. Iná lè gba ẹ̀yìn jáde. Fún ọmọ náà ní ọ̀kan nínú tìrẹ."

Ọdẹ́níran rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, ta ló fún mi ní tuntun? Gbá a, jàre."

Ògúnmọ́dẹdé mọ̀ pé kò dára. Ó sì gbá a.

Ní ọ̀nà igbó, Dáramọ́lá, ọ̀rẹ́ Làníhùn, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Èèpo tìrẹ yìí dàgbà ju ìyá rẹ lọ o."

"Kó ṣáà má kú ṣáájú ẹfọ̀n," ni Làníhùn dá a lóhùn.

Ẹfọ̀n náà yọ sí wọn lójijì. Làníhùn tó wà níwájú yìnbọn. Ìdí èèpo náà là, iná sì gba ẹ̀yìn ìbọn jáde sí ojú tó fi ń wo ẹran. Ó ṣubú, ó ń ké. Láti ẹ̀yìn, Olúọdẹ yìn tirẹ̀, ẹfọ̀n náà sì wó lulẹ̀.

Ọdẹ́níran ré Làníhùn kọjá, ó lọ gbé ẹsẹ̀ lé ẹran. "Ẹ kun ún."

Dáramọ́lá béèrè pé, "Bàbá, itan ẹni tó kọ́kọ́ yìnbọn ńkọ́? Làníhùn ni."

"Ẹni tó yìnbọn sójú ara rẹ̀? Ẹran wo ló pa?"

Ó kó itan, àyà àti ẹ̀dọ̀ sínú igbá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń ru igbá Olúọdẹ wọ̀lú, nítorí náà ó ní, "Ó yá, ẹ gbé e."

Kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n ta aṣọ mọ́ igi, wọ́n tẹ́ Làníhùn lé e, wọ́n sì gbé e léjìká.

"Igbá mi dà?"

Dáramọ́lá kò bojú wẹ̀yìn. "Bàbá, Làníhùn lẹrù tiwa."

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àwọn obìnrin tó wà létí odò rí Olúọdẹ tó ń bọ̀ lóun nìkan, igbá lórí rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ẹran ń ro sí i lọ́rùn. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó gbé Làníhùn kọjá. Ẹnikẹ́ni kò kí i kú ẹrù. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò rí ẹni bá a sọ̀ ọ́. Ojú Làníhùn tí iná bà náà kò là mọ́ láéláé, Ọdẹ́níran kò sì fún ẹnikẹ́ni ní èèpo kan títí ó fi kú.

Ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà ló mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe, tí wọ́n sì fi ń kìlọ̀ fún ara wọn, pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.